Nọ́ọ̀sì inú tẹlifíṣọ̀n àti àwa tí à ń bá a jà

Lọ́sẹ̀ tí òjò fi ń rọ̀ láì dáwọ́ dúró ní Ìgbájọ níbí, tí kò sẹ́ni tó lè lọ sóko, pálọ̀ mi di ilé sinimá. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi kan tó wá láti Èkó ló mú fíláàṣì kan dání. Ó ní eré Amẹ́ríkà ni, àmọ́ wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, èèyàn mẹ́sàn-án ló ti wà lórí àga àti orí ẹní, àríyànjiyàn sì ti dé ojú ẹ̀.

Bob Hearts Abishola ni wọ́n ń pe eré náà. Ilé-iṣẹ́ CBS ló ń gbé e jáde láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀. Abíṣọlá, ọmọ Nàìjíríà, ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Detroit. Bob, òyìnbó kan tí ilé-iṣẹ́ ẹbí rẹ̀ ń ta ìbọ̀sẹ̀, ni àìsàn ọkàn kọlù lójijì. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì yìí ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gina Yashere, tí wọ́n bí ní London fún àwọn òbí ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, òun náà ló sì ṣe Kẹ́mi, ọ̀rẹ́ Abíṣọlá. Fọlákẹ́ Olówófoyèkù ló ṣe Abíṣọlá fúnra rẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe kan: mo sọ fún wọn pé bàbá ọmọbìnrin yìí ni Olóyè Babátúnjí Olówófoyèkù ti Iléṣà, tó ṣe amòfin àgbà fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láyé ọjọ́un. Ariwo sọ. “Ọmọ Iléṣà! Ọmọ wa ni!” Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó tún pe Abíṣọlá ní òṣèré mọ́.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ dá lórí ọkọ. Apòògùn kan wà nínú eré náà tó ń jẹ́ Chukwuemeka, tó ń dọdẹ Abíṣọlá. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Ẹlẹ́ja, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ní òun ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí. “Ẹni tó mọ oògùn, tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, ò wù ọ́. O wá ń bá oníbọ̀sẹ̀ kiri.” Ọmọ Èkó tó gbé fíláàṣì wá ní, “Ìfẹ́ ni, Mọ̀mí.” Ìyá Ẹlẹ́ja ní, “Ìfẹ́ wo? Ṣé ìfẹ́ ni yóò bá a tọ́ Délé?” Délé ni ọmọkùnrin Abíṣọlá. Wọ́n fẹ́ kó di dókítà, ijó ló wù ú. Mo ti rò pé gbogbo pálọ̀ ni yóò dìde sí ọmọ yẹn, àmọ́ Bàbá Káfíńtà, ẹni tí mo mọ̀ sí alágídí, ló gbèjà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó jó. Ọmọ mẹ́rin ni mo rán ní ilé-ìwé. Èyí tó lọ ń lu ìlù ló ń fowó ránṣẹ́ sí mi.”

Àmọ́ àríyànjiyàn tó le jù lọ, Màmá Nọ́ọ̀sì ló fà á. Obìnrin yìí ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún 34 kó tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ kò sì ju ilé kẹta lọ sí tèmi. Nínú eré náà, Abíṣọlá fi dandan lé e pé òun yóò kàwé di dókítà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Màmá Nọ́ọ̀sì nìkan ni kò pa. Ó ní, “Ẹ wò ó, Prófẹ́sọ̀, inú mi ò dùn sí ohun tí ẹ ń wò yìí. Wọ́n ń ṣe é bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wà, tí ó ní láti gùn dé òkè kí ó tó di èèyàn. Ta ló ń bá aláìsàn jí lóru? Ta ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ó ti fẹ́ kú? Ṣé iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ni?” Ó gba ilé ìdáná lọ. Nígbà tí orin ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e dún, ó padà wá jókòó.

Èmi wá ń wo àwọn tó ń wòran ju ìran lọ. Àṣà ogbó mi nìyẹn, ẹ má bínú.

Ní ọdún 1956, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Donald Horton àti R. Richard Wohl, kọ̀wé lórí irú nǹkan báyìí. Wọ́n ní ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n máa ń di ojúlùmọ̀ ẹni tó wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni inú tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ ọ́n rí. Ìbátan olójú kan ni: ìwọ mọ̀ ọ́n, òun ò mọ̀ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ bí àwọn kan ṣe wá ń lo ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé àìsàn àwọn tí kò lẹ́nìkan ni, kò bá mi lára mu. Kò sẹ́ni tó dá wà ní pálọ̀ mi. Ara wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, Abíṣọlá kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni. Ìyá Ẹlẹ́ja ní ọmọbìnrin kan tó ń fẹ́ ẹni tí ìyá ò fẹ́, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Nígbà tó ń bá Abíṣọlá wí, ọmọ yẹn wà ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́.

Ẹni tí mo rò pé ó ye jù ni Karin Barber. Òkukù tó gbé, ẹ lè lọ kí ẹ dé láàárọ̀ láti ìlú wa níbí. Oríkì ló kọ́kọ́ wá ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀, kó tó wá lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo, tó ń bá wọn rìn, tó tún ń bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Ìwé rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ náà, The Generation of Plays, jáde ní ọdún 2000. Ohun tó rí ni pé àwọn òǹwòran Yorùbá kì í sọ pé eré dùn kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, oníkálukú á sì mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu lọ sílé. Ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mú lè má bá ti ọkọ dọ́gba. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí Kóòtù Aṣípa tí Adéjọbí ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Nílé wa nígbà yẹn, àwọn obìnrin á ti dá ẹjọ́ kí ilé-ẹjọ́ inú tẹlifíṣọ̀n tó dá a, tí ti kóòtù bá sì yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n á ní adájọ́ gba rìbá.

Ṣé àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Rárá o. Láti ọdún 1969 sí 1976, eré kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Marcus Welby, M.D. Robert Young ló ṣe dókítà inú rẹ̀. Òṣèré ni, kò ka ìmọ̀ ìṣègùn lọ́jọ́ kan. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, lẹ́tà tó tó 250,000 ni àwọn òǹwòran kọ sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń béèrè ìmọ̀ràn lórí àìsàn. Àwọn oníṣòwò ò sì sùn. Wọ́n fi ọkùnrin kan náà polówó kọfí Sanka, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú dókítà ni àwọn èèyàn fi ń wò ó. Nítorí náà tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n bú òṣèré kan ní ọjà nítorí pé ó ṣe ìyá ọkọ burúkú nínú fíìmù, ẹ má ṣe sọ pé òpè ló pọ̀ nílẹ̀ wa.

Títí dé ibi tí mo bá a dé yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni. Kì í ṣe ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ gan-an.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí a jọ dàgbà. Ó kú ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni ọdún 76 ni, ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú tipẹ́. Ní aago mẹ́ta òru, ọkàn náà dákẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ láyà, ó tẹ̀ ẹ́ títí òógùn fi bò ó. Dókítà sáré dé, òun náà tẹ̀ ẹ́. Kò jí. Ọmọ olóògbé tó kéré jù ń pariwo pé, “Ẹ̀rọ yẹn dà? Èyí tí wọ́n máa ń gbé lé èèyàn láyà tí ara á ta gìrì? Ẹ ò lò ó!” Ó gbá nọ́ọ̀sì náà létí. Èmi ni mo dì í mú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ọwọ́ mi ló dì í mú, ọkàn mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Odidi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé wọn ò gbìyànjú tó. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Níbo ni mo ti mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n gbìyànjú? Tẹlifíṣọ̀n náà ni.

Ìgbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn ni mo bọ́ sórí ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1996 nínú New England Journal of Medicine. Àwọn dókítà mẹ́ta, Susan Diem, John Lantos àti James Tulsky, jókòó wo tẹlifíṣọ̀n bí àwa ṣe ń wò ó, àmọ́ wọ́n mú gègé dání. Wọ́n wo apá 97 nínú eré ER, Chicago Hope àti Rescue 911. Ìgbà 60 ni wọ́n rí i tí wọ́n tẹ èèyàn láyà láti jí i. Nínú àwọn wọ̀nyí, ìdá 75 nínú 100 ló jí lójú ẹsẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìdá 67 ló padà sílé. Nínú ayé gidi, àwọn ìwádìí tí wọ́n tọ́ka sí nígbà náà fi hàn pé nínú 100 ẹni tí ọkàn wọn dákẹ́ nínú ọsibítù, àwọn tó ń rù ú là kò ju bíi 7 sí 15 lọ. Ọsibítù Amẹ́ríkà là ń sọ o, níbi tí iná kì í lọ. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ láyà. Nílé ayé, àwọn àgbà tí ọkàn wọn ti gbó bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀ jù.

Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Màmá Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Tí ọkàn bá ń gbọ̀n rìrì, tí kò lù bó ṣe yẹ, iná ẹ̀rọ náà lè dá ìgbọ̀nrìrì yẹn dúró kí ọkàn tún ìlù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èyí tó ti dákẹ́ pátápátá, tí ìlà ojú ẹ̀rọ ti nà gbalaja, iná ò lè jí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú oògùn. Bẹ́ẹ̀ ìlà gbalaja yẹn gan-an ni àwọn eléré fẹ́ràn jù, nítorí ó ń dẹ́rù ba òǹwòran. (Ti fíìmù tiwa tún yàtọ̀. Tiwa, dókítà á jáde, á bọ́ awò ojú, á ní “a ti ṣe gbogbo ohun tí a lè ṣe,” obìnrin á sì ṣubú lulẹ̀. A ò mọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an.)

Mo padà lọ sí ọsibítù yẹn láti wá nọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ó ti lọ sí òkè òkun láti bí oṣù mẹ́jọ. N ò mọ ìlú tó wà. Ẹ ò ní bínú sí mi tí mo bá sọ fún yín pé nígbà tí Abíṣọlá bá ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù Detroit yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn ni mo máa ń rí. Èmi náà ń sọ̀rọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, mi ò kàn là á lẹ́nu ni.

Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀nà tí irọ́ yẹn gbà wọ orí mi, ọ̀nà kan náà ni òtítọ́ ń gbà wọlé. Ní ọdún 2008, àjọ Kaiser Family Foundation bá àwọn tó ń kọ Grey's Anatomy sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìtàn aboyún kan tó ní kòkòrò HIV sínú rẹ̀. Dókítà sọ fún un pé tó bá gba ìtọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ rẹ̀ ò ní kó o. Kí ìtàn yẹn tó jáde, ìdá 15 nínú 100 òǹwòran ló mọ èyí. Lẹ́yìn tó jáde, ó di 61. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 45 ṣì rántí. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, eré Casualty fi ẹnì kan hàn tó mọ̀ọ́mọ̀ lo oògùn jù láti fi ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá. Keith Hawton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwọn tó ń dé ọsibítù lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé iye wọn fi ìdá 17 nínú 100 lé sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwádìí wọn jáde ní ọdún 1999. Ilẹ̀kùn kan náà ni. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti mọ ohun tó dára nínú ohun tó ń gbà á kọjá.

Tí ẹ bá sì ní ti òyìnbó nìyẹn, ẹ gbọ́ tiwa. Láàárín ọdún 1985 sí 1988, wọ́n fi rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti orin polongo ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní Ìlọrin, Ìbàdàn àti Enugu, iye àwọn tuntun tó ń lọ sí ilé ìwòsàn fún un sì pọ̀ sí i gidigidi ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó wá tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ti MTV Shuga. Eré lórí àwọn ọ̀dọ́ Èkó ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ HIV nínú rẹ̀. Abhijit Banerjee, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019, pẹ̀lú Eliana La Ferrara àti Victor Orozco, pe àwọn ọ̀dọ́ jọ ní àwọn ìlú ńlá ní ìhà tiwa níbí. Wọ́n fi Shuga han àwọn kan, wọ́n sì fi eré mìíràn tí kò ní ẹ̀kọ́ ìlera nínú han àwọn tó kù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, àwọn tó wo Shuga tó lọ ṣàyẹ̀wò HIV jẹ́ ìlọ́po méjì àwọn tó wo ìkejì. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí nìyí: àwọn tí ìtàn náà wọ̀ lára jù, ni ìyípadà ti hàn jù lọ. Kì í ṣe àwọn tó jókòó jẹ́ẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Bíi ti Ìyá Ẹlẹ́ja ni wọ́n.

Nígbà tí mo ka èyí sí etí Màmá Nọ́ọ̀sì, kò yà á lẹ́nu. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ti rí obìnrin tó wá fún àyẹ̀wò ọyàn tó sì ní nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí “ìyá kan nínú fíìmù” ni. Òun ò dá a dúró láti ṣàlàyé pé ìyá yẹn ò kú. Ó ní, “Ṣé kí n lé e padà sílé ni?”

Ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, òjò ti dá. Àwọn kan ti padà sóko, a ò ju márùn-ún lọ mọ́. Bàbá Káfíńtà, tí kì í gbẹ́nu dúró, dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Prófẹ́sọ̀, Bọ́ọ̀bù yìí, kí àìsàn tó kì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ṣé ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun?” Mo wo Màmá Nọ́ọ̀sì. Kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó lọ sílé rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wá, ó so ó mọ́ ọn lápá níbi tó jókòó sí. 178 lórí 104. Ó tún un wọ̀n lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Bàbá Káfíńtà ní iṣẹ́ ló rẹ òun. Màmá Nọ́ọ̀sì ní, “Bí Bọ́ọ̀bù náà ṣe rò nìyẹn.”

Ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé. Oríṣi oògùn méjì ni wọ́n kọ fún un, ìkan láàárọ̀, ìkan lálẹ́. A ti wo eré náà tán báyìí, ọmọ Èkó ti gbé fíláàṣì rẹ̀ lọ, àmọ́ tí Bàbá Káfíńtà bá ń kọjá lójú ọ̀nà, ó ṣì máa ń nahùn pè mí láti ìta: “Prófẹ́sọ̀! Bọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ sọ fún un kó má jẹ̀ẹ́ kí tiẹ̀ tán nílé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tèmi ni.”